Bí Wọ́n Ṣe Ń Se Ọ̀rá Àtọwọ́dá Láì Jẹ́ Kí Iná Bà Á Jẹ́

  Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọṣẹ tí àwọn ìyá wa ń fi epo àti eérú sè. Ọṣẹ tí a fi èédú ṣe ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé èédú di ọṣẹ, ẹ ó ní ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èédú tí ó ń sọ aṣọ di dúdú, òun náà ni yóò wá di ohun tí a fi ń fọ aṣọ? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ilẹ̀ Jámánì kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939. Wọ́n sọ èédú di ìda, wọ́n sọ ìda di ọ̀rá, wọ́n sì sọ ọ̀rá di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ibì kan wà tí mo fẹ́ kí á dúró sí kí á wò dáadáa. Ibẹ̀ ni ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n gbé ọ̀rá náà ka iná láti yọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Iná yìí ni ó ń sọ ọ̀rá di mímọ́, iná yìí kan náà ni ó sì lè bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Báwo ni àwọn ènìyàn ṣe rí ọgbọ́n dá sí i?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rá jẹ́. Ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Faransé, Chevreul ni orúkọ rẹ̀, ni ó là wá lójú sí i nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823. Ó fi hàn pé epo àti ọ̀rá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ohun méjì ni ó so pọ̀ nínú wọn: èkíní ni gilisẹ́rínì, èkejì ni àwọn ohun tí a ń pè ní ásíìdì ọ̀rá. Ásíìdì yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń dà sínú bátìrì mọ́tò o. Òun kì í jó ni lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa dì bí ìda àbẹ́là. Nígbà tí ìyá alọ́ṣẹ bá ń ro epo àti omi eérú papọ̀ lórí iná, ohun tí ó ń ṣe, bí kò tilẹ̀ fi orúkọ pè é, ni pé ó ń já ásíìdì ọ̀rá gbà lọ́wọ́ gilisẹ́rínì, ó sì ń so ó mọ́ agbára tí ó wà nínú eérú. Ìsopọ̀ yìí ni ọṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi ojú inú wo okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹyọ kábọ́ọ̀nù kan. Ní ìpẹ̀kun okùn náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan wà tí ó gbé ọ́síjìn méjì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní orí okùn. Orí yìí ni ó sọ ọ́ di ásíìdì, òun sì ni eérú ń dì mú nígbà tí ó bá di ọṣẹ. Okùn tí kò bá ní orí kò lè di ọṣẹ láéláé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Okùn wọ̀nyí gùn jura wọn lọ. Àwọn tí ó kúrú a máa rùn bí òbúkọ. Àní orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún mẹ́ta nínú wọn, èyí tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 6, èyí tí ó ní 8 àti èyí tí ó ní 10, láti ara orúkọ ewúrẹ́ ní èdè Látìn ni wọ́n ti mú un. Àwọn tí ó gùn láti 10 títí dé bí 20 ni ó wúlò fún ọṣẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo pupa wa ní ìlẹ̀kẹ̀ 16. Ọmọ Faransé mìíràn, Frémy, ni ó rí i nínú epo pupa ní ọdún 1840, ọ̀pẹ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ: ásíìdì pálmítíìkì. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu àwọn onímọ̀, kí ẹ mọ̀ pé igi oko wa ni wọ́n ń dá.

Ẹ jẹ́ kí á wá lọ sí ilẹ̀ Jámánì. Ilẹ̀ náà kò ní ọ̀pẹ, kò sì ní àgbọn. Láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n ń lò ti ń wá. Nígbà ogun tí ó jà láti 1914 sí 1918, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Ọ̀rá di ohun ọ̀wọ́n: ọ̀rá tí wọn yóò jẹ kò tó, áḿbọ̀sì èyí tí wọn yóò fi ṣe ọṣẹ. Wọn kò gbàgbé ìyà náà. Ohun tí wọ́n ní lọ́pọ̀lọpọ̀ ni èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí a ti wà rí ní Enugu níbí, pàápàá ní àgbègbè odò Ruhr. Ní ìlú Mülheim ní àgbègbè náà, ní àárín àwọn ọdún 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Franz Fischer àti Hans Tropsch, rí ọ̀nà kan. Wọ́n jẹ́ kí èédú tí ó pọ́n kókó pàdé ooru omi. Gáàsì tí ó jáde níbẹ̀ ni wọ́n darí gba orí àwọn ìyẹ̀fun irin kan, ó sì di epo irú èyí tí mọ́tò ń lò. Pẹ̀lú epo náà ni ìda funfun kan ń jáde, ìda páráfíìnì, irú èyí tí a fi ń ṣe àbẹ́là.

Ìda yìí, okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn ni òun náà. Ohun tí kò ní ni orí. Bí a bá lè gé okùn náà sí méjì, kí a sì fi ọ́síjìn sí ojú ibi tí a gé, yóò di ásíìdì ọ̀rá. Iṣẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ kan gbà ṣe ní ìlú Witten lẹ́bàá odò Ruhr. Arthur Imhausen tí ó ń ṣe ọṣẹ, àti ilé-iṣẹ́ Henkel, ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1936.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n yọ́ ìda nínú àgbá ńlá, wọ́n sì fi díẹ̀ lára ohun kan tí ó ní irin máńgánísì nínú sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, nígbà tí gbígbóná rẹ̀ ju ti omi híhó lọ díẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń gé okùn náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti tó ìdá mẹ́ta ìda náà tí ó ti di ásíìdì, wọ́n dáwọ́ dúró. Èyí tí ó ti di ásíìdì ni wọ́n fi kọ́sítíìkì sódà sọ di ọṣẹ, kí wọ́n lè yà á kúrò lára ìda tí kò yípadà. Wọ́n tún mú ọṣẹ náà gbóná gidigidi, kí ìyókù ìda lè fò jáde, nítorí ọṣẹ a máa fara da iná ju ásíìdì lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n da ásíìdì súlúfúríìkì sí i, ásíìdì ọ̀rá sì léfòó.

Ṣé iṣẹ́ ti parí? Rárá o. Afẹ́fẹ́ kò ní ojú tí yóò fi wo ibi tí ó yẹ kí ó gé okùn. Ó gé òmíràn sí ìlẹ̀kẹ̀ 5, ó gé òmíràn sí 12, òmíràn sí 17, òmíràn sí 25. Nínú epo pupa àti àdín, àwọn okùn tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn ṣe é pín sí méjì dọ́gba ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, bí 12, 14, 16 àti 18. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rá àtọwọ́dá, 13 àti 15 àti 17 pọ̀ bákan náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Afẹ́fẹ́ tún lẹ ọ́síjìn mọ́ àárín okùn mìíràn níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an sí, bí ìgbà tí ìkọ́ kékeré bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ okùn ìlẹ̀kẹ̀. Nítorí náà àdàlù ni ohun tí ó wà nínú àgbá. Ó ń rùn, àwọ̀ rẹ̀ kò mọ́, ẹni tí ó bá fi ṣe ọṣẹ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ẹni rà á. Ó di dandan kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀ náà, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró ti rí i. Wọ́n da ẹmu sínú àgbá, wọ́n dáná sí i nídìí. Ọtí a máa tètè di ooru ju omi lọ. Ooru náà gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ó sì ń kán tó tó tó sínú ìgò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ásíìdì ọ̀rá: okùn kúkúrú ń tètè di ooru, okùn gígùn ń pẹ́. Bí a bá mú iná pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn tí ń rùn yóò kọ́kọ́ jáde, àwọn tí ó wúlò fún ọṣẹ yóò tẹ̀ lé wọn, àwọn tí ó gùn jù yóò sì kù sí ìdí ìkòkò.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀. Epo pupa tí ó ń wá láti etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára ohun tí ó kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní i. Ní ọdún 1842, George Wilson ti ilé-iṣẹ́ àbẹ́là Price ní Lọ́ńdọ̀nù, àti William Jones, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà láti fi ásíìdì súlúfúríìkì àti ooru omi gbígbóná pọn ọ̀rá bí ẹni ń pọn ọtí, kí epo tí ó pupa lè mú àbẹ́là funfun jáde. Ọ̀rá tí a pọn, tí ó funfun, ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń tàn nínú ilé wọn.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni a dé yìí. Ọtí inú ẹmu kò ní iná púpọ̀ ṣe. Kí omi tó hó ni ó ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ásíìdì pálmítíìkì, nínú ìkòkò tí ó ṣí sílẹ̀, kì í hó títí gbígbóná rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 351 ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ìwọ̀n tí omi fi ń hó ni 100, ẹ ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀, iná ti ń bà á jẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìbàjẹ́ náà ń gbà wọlé.

Èkíní ni ti orí jíjá. Nígbà tí ọ́síjìn kan bá ti lẹ̀ mọ́ okùn nítòsí orí, orí náà kò dúró dáadáa mọ́. Bí iná bá kàn án, yóò já, yóò sì fò lọ ní gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, irú èyí tí ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Okùn aláìlórí ni yóò ṣẹ́kù. Mo ti sọ fún yín pé okùn aláìlórí kò lè di ọṣẹ.

Èkejì burú jù ú lọ, nítorí òun a máa bá okùn tí kò ní àbùkù kankan jà. Bí gbígbóná bá pọ̀, tí ásíìdì náà sì ń kan irin lásán, okùn méjì a máa lẹ̀ pọ̀ lórí sí orí. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Okùn oní-ìlẹ̀kẹ̀ 16 méjì jẹ́ 32. Nígbà tí wọ́n bá ń lẹ̀ pọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan bá gáàsì lọ, omi díẹ̀ náà sì jáde, ó ku 31. Okùn kan ṣoṣo tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 31 ni a ní báyìí, kò sì ní orí rárá. Kítóònì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó dàbí ìda, kò sì gba sódà. Ẹ ò rí i bí ó ti dunni tó? Láti ọ̀dọ̀ ìda ni wọ́n ti gbéra, wọ́n ṣe làálàá láti fún un ní orí, wọ́n ṣe làálàá láti yọ ìda tí ó kù kúrò. Ní ìkòkò ìkẹyìn, iná sọ ásíìdì padà di ohun tí ó jọ ìda. Ẹni tí ó fọ aṣọ tán, tí ó wá sá a sórí ẹrẹ̀, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ okùn. Iná a máa mú kí ìkọ́ okùn kan gbá orí okùn mìíràn mú. Òun náà gbá òmíràn mú, títí ọ̀pọ̀lọpọ̀ okùn yóò fi so kọ́ra bí ẹní. Ohun tí ó bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè di ooru mọ́. Ó jókòó sí ìdí ìkòkò, ó ń ki, ó ń dúdú, ó ń dàbí ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì. Ẹ̀yin tí ẹ ń din àkàrà mọ ìbátan rẹ̀: epo tí a ti lò lálòtúnlò, tí ó ń ki, tí ó ń yọ́ bí oje igi, tí ó sì ń hó fùtùfùtù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò rí bákan náà pátápátá, ṣùgbọ́n iná ni ó so okùn kọ́ okùn nínú méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin ni pé ìkọ́ mìíràn a máa já, a sì bá omi lọ. Ojú ibi tí ó ti já a wá di ibi àìlera lára okùn. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá kàn án níbẹ̀ nígbà tí ó gbóná, àwọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n, òórùn rẹ̀ yóò sì yípadà.

Ẹ kíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ásíìdì ọ̀rá tí ó mọ́ tónítóní, tí kò ní ìkọ́, tí kò ní àbùkù, a máa fara da iná dé àyè kan. Àwọn tí afẹ́fẹ́ ti lẹ nǹkan mọ́ lára ni wọ́n kọ́kọ́ ń bàjẹ́, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ nínú ọ̀rá àtọwọ́dá ju ti epo ọ̀pẹ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dáwọ́ afẹ́fẹ́ dúró nígbà tí kò tíì ju ìdá mẹ́ta ìda lọ tí ó yípadà. Bí wọ́n bá ṣe ojúkòkòrò, tí wọ́n ní kí gbogbo ìda di ásíìdì lẹ́ẹ̀kan náà, ìkọ́ yóò pọ̀ lára okùn, ìdọ̀tí ìdí ìkòkò yóò sì pọ̀ nígbà pípọn. Àrùn tí ó hàn nínú ìkòkò ìkẹyìn, láti inú àgbá àkọ́kọ́ ni ó ti wọlé.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? A fẹ́ kí ọ̀rá hó, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ó gbóná tó bí ó ti yẹ kí ó gbóná kí ó tó hó. Ó jọ àlọ́, àbí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú.

Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Ó ń tẹ ohun gbogbo mọ́lẹ̀, ó ń tẹ ojú omi inú ìkòkò náà. Kí omi tó lè hó, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára tí ó lè ti afẹ́fẹ́ yìí kúrò lọ́nà. Ní ìlú Èkó lẹ́bàá òkun, omi ń hó ní 100. Ní ìlú Jos tí ó wà lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ díẹ̀, omi ń hó ní nǹkan bí 96. Bí a bá dín ìwúwo afẹ́fẹ́ kù, gbígbóná tí a nílò láti hó yóò dín kù pẹ̀lú. Nítorí náà, dípò kí a gbé ìkòkò ọ̀rá lọ sórí òkè, a ó dé e pa, a ó sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Àwọn onímọ̀ ń fi mákúrì wọn ìwúwo afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ etí òkun lè gbé mákúrì sókè nínú gíláàsì tó mìlímítà 760. Bí ẹ̀rọ bá fa afẹ́fẹ́ inú ìkòkò títí ó fi ku ohun tí ó lè gbé mìlímítà 15 péré, èyí tí ó jẹ́ bí ìdá kan nínú 50, ásíìdì pálmítíìkì tí kì í hó títí dé 351 yóò hó ní nǹkan bí 215. Ìyàtọ̀ 136 nìyẹn. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ fi ń fojú díwọ̀n ni pé, bí gbígbóná bá fi 10 lé sí i, irú ìbàjẹ́ báyìí ń yára tó ìlọ́po méjì. Fi 30 lé e, ó ti tó ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè dín 30 péré kù ti gba ọ̀rá púpọ̀ là lọ́wọ́ iná.

Ṣùgbọ́n àrékérekè kan tún wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rá inú ìkòkò bá jìn tó mítà kan, ìwúwo ọ̀rá náà fúnra rẹ̀ ń tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ohun tí ń tẹ ìsàlẹ̀ lè ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ń tẹ òkè lọ, láìka gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ti fà jáde sí. Èyí tí ó wà lókè ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó sì súnmọ́ iná jù, kò lè hó; ó kàn ń gbóná sí i ni. Ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi kọ ìkòkò jíjìn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá ń jẹ́ kí ọ̀rá ṣàn pẹlẹbẹ lára ògiri páìpù gbígbóná, bí omi òjò ti ń ṣàn lára páànù. Ó dé, ó di ooru, ó lọ. Kò jókòó sí ojú iná láti àárọ̀ di alẹ́.

Wọ́n tún ń fẹ́ ooru omi gba inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ooru omi ń bá ooru ọ̀rá gbé ẹrù náà. Ọ̀rá kò ní láti fi agbára ara rẹ̀ nìkan ti afẹ́fẹ́ kúrò. Nǹkan kejì tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àwọn orí okùn tètè máa so pọ̀ nípa yíyọ omi jáde, nítorí omi ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkòkò fúnra rẹ̀. Ásíìdì ọ̀rá gbígbóná a máa jẹ irin lásán. Irin tí ó jẹ náà yóò di ọṣẹ irin, yóò yòrò sínú ọ̀rá, yóò sọ àwọ̀ rẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú, yóò sì di alágbàṣe fún ìbàjẹ́ kejì tí mo sọ, èyí tí ń so okùn méjì pọ̀ lórí. Nítorí náà, irin tí kì í dípẹtà, pàápàá èyí tí a fi irin mọ́líbídẹ́nọ́ọ̀mù lú, ni wọ́n ń lò, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Ihò kékeré kan lára ìkòkò náà kì í ṣe ohun àfojúfò, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò bá ọ̀rá nígbà tí ó gbóná jù. Bí ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ bá sì ṣèèṣì dákẹ́, híhó náà yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n gbígbóná kò lọ. Ẹni tí ń ṣọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè mú iná kúrò nídìí rẹ̀.

Báyìí ni ilé-iṣẹ́ Witten àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ṣe ń rí ásíìdì ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ nígbà ogun. Wọ́n tilẹ̀ so díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ gilisẹ́rínì, wọ́n fi ṣe mágárínì fún jíjẹ, tí àwọn ènìyàn ń pè ní bọ́tà èédú. Lẹ́yìn ogun, ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, bí ti Shebekino àti ti Volgodonsk. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí ọ̀rá tí ènìyàn lè jẹ má baà máa parí sínú ọṣẹ. Níbi tí epo ọ̀pẹ àti ọ̀rá ẹran bá ti pọ̀ tó, tí ọjà sì ṣí sílẹ̀, ọ̀rá àtọwọ́dá kì í lè bá wọn díje. Iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, àdánù inú rẹ̀ sì pọ̀.

Lónìí, epo ọ̀pẹ, àdín, epo àgbọn àti ọ̀rá ẹran ni ó ń pèsè púpọ̀ jù nínú ásíìdì ọ̀rá ayé. Ilẹ̀ Indonéṣíà àti Màléṣíà ni ó ń mú epo ọ̀pẹ jáde jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni ilé ọ̀pẹ. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọn, omi gbígbóná tí a tẹ̀ mọ́ra gidigidi ni wọ́n fi ń ya ọ̀rá kúrò lára gilisẹ́rínì. Lẹ́yìn náà, ìkòkò tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde náà ni wọ́n tún ń lò, ọ̀rá pẹlẹbẹ, ooru omi, irin tí kì í dípẹtà. Ohun tí èédú fi ìyà kọ́ àwọn ará Jámánì, epo ọ̀pẹ náà ń jàǹfààní rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ sọ epo ilẹ̀ wa di ohun tí ilé-iṣẹ́ ayé ń rà, kì í ṣe epo lásán nínú gálọ́ọ̀nù, ẹ̀kọ́ ìkòkò yìí kò ní yọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí olùkọ́ yín bá bi yín lọ́la pé kí ni ó ń ba ọ̀rá jẹ́ nígbà pípọn, ẹ má dáhùn pé iná, kí ẹ sì jókòó. Ẹ fi mẹ́ta lé e: báwo ni iná náà ti gbóná tó, báwo ni ọ̀rá ti pẹ́ tó lójú rẹ̀, àti pé kí ni ó wà nínú ìkòkò pẹ̀lú ọ̀rá, yálà afẹ́fẹ́ ni, irin ni, tàbí àbùkù tí ọ̀rá fúnra rẹ̀ gbé wá láti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá, tí ó kó iná jọ sí ìdí ìkòkò, yóò rí ọ̀dà. Ẹni tí ó dín ẹrù tí ń tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀ kù, tí ó sì jẹ́ kí ó tètè kọjá, yóò rí ásíìdì funfun. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú gbogbo onímọ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.